Omi Gbígbóná, Omi Tútù: Ẹ Jẹ́ Kí Fíríìsà Dájọ́

Iṣẹ́ àtúnṣe fíríìjì àti fíríìsà ni mò ń ṣe nílùú Ìbàdàn, àwọn ìyá tó ń ta yìnyín àti omi tútù ló sì pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà mi. Láti ìgbà tí kálukú ti ní fóònù tó ń gba WhatsApp ni ìbéèrè kan ti ń tẹ̀lé mi kiri. Màá ti tú ẹ̀yìn fíríìsà, màá máa wá ibi tí gáàsì ti ń jò, ìyá oníyìnyín á sì na fóònù sí mi: "Ẹnjiníà, ẹ wo nǹkan tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa. Wọ́n ní omi gbígbóná ló ń yá dì ju omi tútù lọ. Ṣé ká máa se omi ká tó gbé e síbẹ̀ ni?"

Ìdáhùn mi kì í tẹ́ wọn lọ́rùn. Mo máa ń ní kí wọ́n má ṣe sè é. Mo tún máa ń ní kí wọ́n má ṣe pe ọ̀rọ̀ náà ní irọ́. Wọ́n á ní ẹnu méjì ni mo fi ń sọ̀rọ̀. Ẹnu kan ni o. Àti ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ omi yìí ṣẹ̀sín, àti ẹni tó ń fi í yangàn, ìwà kan náà ni wọ́n ń hù lójú tèmi: kò sí ẹyọ ẹnìkan nínú wọn tó gbé ife méjì sí fíríìsà wò.

Ọ̀rọ̀ náà ní ẹni tó ni ín. Erasto Mpemba lorúkọ rẹ̀, ọmọ Tanganyika, orílẹ̀-èdè tó dara pọ̀ mọ́ Zanzibar ní 1964 tó fi di Tanzania. Ní 1963, ọmọ ìwé kẹta ni nílé ẹ̀kọ́ girama Magamba, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń ṣe áísìkiriìmù fúnra wọn. Wọ́n á se mílíìkì, wọ́n á po ṣúgà mọ́ ọn, wọ́n á jẹ́ kó tutù, kí wọ́n tó gbé e sí fíríìjì. Àwọn ọmọ pọ̀, àyè inú fíríìjì ò sì pọ̀. Lọ́jọ́ kan, ọmọkùnrin kan rí i pé àyè fẹ́ tán, ló bá po ṣúgà mọ́ mílíìkì tirẹ̀ láìsè é, ó dà á sínú abọ́ yìnyín, ó gbé e wọlé. Mpemba ti se tirẹ̀ ní tiẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá dúró kó tutù, abọ́ tó kù á bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Ó kúkú gbé e wọlé pẹ̀lú ooru rẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà lọ wò ó lẹ́yìn wákàtí kan àtààbọ̀, mílíìkì Mpemba ti dì. Ti ọmọ kejì ṣì ń ṣàn, ó kàn ki díẹ̀ ni.

Ó bi olùkọ́ físíìsì rẹ̀ léèrè ohun tó fà á. Olùkọ́ ní ọ̀rọ̀ ló dàrú mọ́ ọn lójú, irú ẹ̀ ò lè ṣẹlẹ̀. Mpemba gbà, ó panu mọ́. Ṣùgbọ́n lọ́dún kan náà, ó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan pàdé nílùú Tanga tó ń ṣe áísìkiriìmù tà. Ìyẹn sọ fún un pé gbígbóná lòun máa ń gbé tòun sí fíríìjì, torí pé ó ń yá dì. Ohun tí olùkọ́ ní kò lè ṣẹlẹ̀, ẹni tó ń fi jẹun ti mọ̀ ọ́n, ó sì ti ń fi í pawó.

Nígbà tí Mpemba wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga girama Mkwawa ní Iringa, wọ́n kọ́ wọn ní òfin tí Isaac Newton fi lélẹ̀ nípa bí nǹkan gbígbóná ṣe ń tutù. Ó tún na ọwọ́ sókè, ó tún béèrè. Olùkọ́ tibẹ̀ ní físíìsì Mpemba nìyẹn, kì í ṣe físíìsì tí gbogbo ayé ń lò. Ọ̀rọ̀ yìí di ẹ̀fẹ̀ ní kíláàsì. Bó bá ṣi ìṣirò ṣe, wọ́n á ní ìṣirò Mpemba nìyẹn.

Mi ò ní bá yín bú olùkọ́ náà, torí pé ìrònú rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ní ọkọ̀ méjì ń lọ sí Ìlọrin. Ọ̀kan gbéra l'Ékòó, èkejì gbéra n'Íbàdàn, lásìkò kan náà, ọ̀nà kan náà sì ni wọ́n ń tọ̀. Ọkọ̀ Èkó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé Ìbàdàn, kó tó sì débẹ̀, ọkọ̀ Ìbàdàn á ti máa sún mọ́ Ògbómọ̀ṣọ́. Báwo ni ti Èkó ṣe fẹ́ ṣáájú rẹ̀ dé Ìlọrin? Bẹ́ẹ̀ náà ni omi tó wà ní 100 dìgírì ṣe gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bọ́ sí 35 dìgírì kó tó lè dé òdo. Lóòótọ́ ni nǹkan tó gbóná gan-an máa ń tètè pàdánù ooru rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ti bọ́ sí 35, kí ló tún kù tó fi yàtọ̀ sí omi tó bẹ̀rẹ̀ ní 35?

Ibẹ̀ gan-an ni kókó wà. Olùkọ́ gbà pé kò sí nǹkan kan tó kù. Àmọ́ ọkọ̀ tó gbéra l'Ékòó lè ti já èrò àti ẹrù sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Nígbà tó bá fi máa yọ n'Íbàdàn, kò wúwo bíi ti àárọ̀ mọ́, ó sì lè máa sáré ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Ìwọ̀n ìgbóná nìkan kọ́ ni gbogbo ohun tó wà lára omi. Omi méjì lè jọ wà ní 35 dìgírì kí wọ́n má jọra.

Ẹni tó gba Mpemba lọ́wọ́ ẹ̀fẹ̀ ni Denis Osborne, òyìnbó tó ń kọ́ni ní físíìsì ní yunifásítì ní Dar es Salaam. Ó wá bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mkwawa sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ìbéèrè béèrè. Mpemba dìde: bí èèyàn bá gbé abọ́ méjì tó dọ́gba tí omi inú wọn dọ́gba sí fíríìsà, tí ọ̀kan wà ní 35 dìgírì, tí èkejì wà ní 100, èyí tó wà ní 100 ló ń kọ́kọ́ dì. Kí ló dé? Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ó dójú ti àwọn. Osborne ò sọ pé òótọ́ ni, kò sì sọ pé irọ́ ni. Ó ní òun á dán an wò.

Nígbà tó padà sí Dar es Salaam, ó ní kí òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò kan ṣe é. Ọkùnrin náà padà wá jíṣẹ́ pé omi gbígbóná ló kọ́kọ́ dì lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí ọ̀gá fọkàn balẹ̀, àwọn á máa tún un ṣe títí èsì tó tọ́ fi máa jáde. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, ó sì máa ń bà mí nínú jẹ́, torí pé àwọn onísáyẹ́ǹsì nìkan kọ́ ni àìsàn yẹn ń ṣe. Àtúnṣe dára, àmọ́ kì í ṣe àtúnṣe títí yóò fi sọ ohun tá a fẹ́ gbọ́. Osborne gba èsì bó ṣe wà. Ní 1969, òun àti Mpemba jọ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn *Physics Education*, orúkọ àwọn méjèèjì ló wà lórí rẹ̀. Mpemba ti wà nílé ẹ̀kọ́ àwọn tó ń tọ́jú ẹran ìgbẹ́ ní Moshi nígbà náà.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Aristotle ti Gíríìsì kọ ọ́ sílẹ̀ ní ohun tó lé ní 2,300 ọdún sẹ́yìn pé àwọn ará Pontus tó máa ń pẹja lórí yìnyín a máa da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí ìdí esùsú tí wọ́n fi ń pẹja, kó lè tètè dì, kó sì mú un dúró. Francis Bacon mẹ́nu bà á, René Descartes náà mẹ́nu bà á. Lọ́dún 1969 kan náà, G. S. Kell kọ̀wé nípa rẹ̀ ní Kánádà, níbi táwọn èèyàn ti máa ń kìlọ̀ fún ara wọn pé kí wọ́n má ṣe fi omi gbígbóná fọ mọ́tò nígbà òtútù, torí pé á yá dì.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣí fíríìsà. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ wa máa bojú wò ni ìsàlẹ̀, níbi tí yìnyín funfun ti lẹ̀ mọ́ irin. Ọ̀tá wa ni yìnyín yẹn. Ó máa ń dínà fún ooru. Abọ́ tútù tẹ́ ẹ bá gbé lé e lórí kò fara kan irin tó ń fa ooru, yìnyín tó há sáàárín wọn ni kò jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbé abọ́ gbígbóná lé e, á yọ́ yìnyín yẹn, á rì wọnú rẹ̀, ìdí rẹ̀ á sì bá irin. Láti ìgbà yẹn lọ, ooru ibẹ̀ á máa jáde wàrà-wàrà. Mo ti fi ọ̀bẹ onígi ha irú yìnyín bẹ́ẹ̀ kúrò nínú ọ̀pọ̀ fíríìsà tí wọ́n pè mí sí pé kọ̀mpírẹ́sọ̀ rẹ̀ ti kú, kọ̀mpírẹ́sọ̀ ò sì ṣe nǹkan kan. Bó bá jẹ́ inú irú fíríìsà bẹ́ẹ̀ lẹnìkan ti dán ọ̀rọ̀ Mpemba wò, kì í ṣe omi ló wọ̀n, yìnyín ìsàlẹ̀ ló wọ̀n. Osborne fura sí èyí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi tẹ́ fóòmù sábẹ́ ife tiwọn.

Èkejì ni èéfín. Omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná ń rú, èéfín tó ń lọ yẹn sì ń kó omi àti ooru lọ pọ̀. Kí kílò omi kan tó lè di èéfín tán, ó máa kó nǹkan bíi 2,260 kílójúùlù ooru lọ. Omi tó kù nínú ife á dín kù, èyí tó máa dì ò ní pọ̀ tó ti ife kejì. Bí ife bá lómọrí, èyí ò ní wáyé tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ìrìn omi nínú ara rẹ̀. Èyí tó gbóná máa ń gòkè, èyí tó tutù á sọ̀kalẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì máa yí po. Nínú omi tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ooru ńlá, ìrìn yìí máa ń lágbára, òkè rẹ̀ á sì máa gbóná ju ìdí rẹ̀ lọ. Òkè yẹn ni ooru ti ń sá jáde. Nígbà tí wọ́n da òróró fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sójú omi ní Dar es Salaam, títutù rẹ̀ falẹ̀ gan-an.

Ẹ̀kẹrin ló yà mí lẹ́nu jù, àwọn tó ń ta omi inú ike sì ti rí i rí. Ẹ fa ike kan jáde nínú fíríìsà tó tutù dáadáa, omi inú rẹ̀ mọ́ gaara, ó ń ṣàn. Ẹ fi ìdí rẹ̀ gbá tábìlì. Lójú ẹsẹ̀, ibì kan nínú rẹ̀ á funfun, á sì ràn kárí ike lójú yín kòrókòró, kẹ́ ẹ tó ka ẹyọ owó ẹni tó fẹ́ rà á tán. Omi náà ti tutù kọjá òdo tipẹ́, ó kàn ń wá ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀ ni: eruku kékeré kan, ibi tí ike ti ha, tàbí mímì bẹ́ẹ̀ yẹn. Ẹ̀kán omi tíńtín tó mọ́ dáadáa lè tutù dé nǹkan bíi dìgírì 38 nísàlẹ̀ òdo kó tó dì. Ike méjì tó jókòó ti ara wọn lè má dì nígbà kan náà láé, bó ti wù kí ẹ gbé wọn síbẹ̀ pọ̀. David Auerbach kọ ọ́ ní 1995 pé omi tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ooru kì í sábà sọ̀kalẹ̀ jìnnà bẹ́ẹ̀ kó tó dì. Ní 2011, James Brownridge ti yunifásítì Binghamton l'Amẹ́ríkà fi hàn pé ibí gan-an ni omi gbígbóná ti ń borí tó bá borí.

Ẹ wá wò ó: èwo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ṣiṣẹ́ nínú mílíìkì Mpemba, tí wọ́n se ọ̀kan tí wọn ò se èkejì? Ọ̀rọ̀ ò rọrùn tó bí WhatsApp ṣe ń sọ ọ́. Ní 2012, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì ní Bìrìtéènì, Royal Society of Chemistry, fi 1,000 pọ́n-ùn sílẹ̀ fún ẹni tó bá ṣàlàyé rẹ̀ jù lọ. Nǹkan bíi 22,000 èèyàn ló kọ̀wé wá. Nikola Bregović láti Croatia ló gba owó náà, àríyànjiyàn ò sì tán síbẹ̀.

Ní 2016, Henry Burridge àti Paul Linden gbé iṣẹ́ tiwọn jáde ní Bìrìtéènì. Wọ́n wọn àkókò tí omi fi ń dé òdo dìgírì, wọ́n sì tún yẹ iṣẹ́ àwọn tó ṣáájú wò. Wọ́n ní àwọn ò rí ẹ̀rí tó dúró pé omi gbígbóná máa ń tètè tutù ju omi tútù lọ. Wọ́n tún ní bí ẹ bá gbé tẹmọ́mítà sókè tàbí sísàlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan péré, èsì lè yí padà. Bí àwọn kan ṣe ń rò pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, ni Avinash Kumar àti John Bechhoefer ti yunifásítì Simon Fraser ní Kánádà gbé tiwọn jáde nínú *Nature* ní 2020. Wọn ò lo yìnyín rárá. Ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tíńtín kan nínú omi ni wọ́n lò, wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ lésà darí rẹ̀, ó sì hàn kedere níbẹ̀ pé èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ooru lè ṣáájú dé ibi títutù. Nítorí náà, nǹkan náà wà nínú físíìsì. Bóyá ó wà nínú fíríìsà ìyá oníyìnyín, ìyẹn ọ̀tọ̀.

Ẹ̀yin oníyìnyín, ìdí nìyí tí mo fi ń ní kẹ́ ẹ má se omi. Lítà omi kan tó wà ní 28 dìgírì, fíríìsà máa yọ nǹkan bíi 451 kílójúùlù lára rẹ̀ kó tó di yìnyín tán. Tó bá jẹ́ láti orí iná ló ti sọ̀kalẹ̀, tí kò sì rú èéfín sọnù, á di nǹkan bíi 752. Gáàsì tẹ́ ẹ fi sè é, ẹ̀yin lẹ ra. Iná tẹ́ ẹ fi tún un tutù, ẹ̀yin lẹ máa san. Ooru rẹ̀ á sì ran àwọn yìnyín tó ti dì tẹ́lẹ̀. Kódà bí ife kan bá yá dì, fíríìsà kún fún ife, owó iná ò sì mọ Mpemba.

Àwọn kan ń fi ìtàn yìí yangàn pé ọmọ adúláwọ̀ dójú ti òyìnbó. Mo fẹ́ràn pé ọmọ Áfíríkà lorúkọ rẹ̀ wà lára nǹkan yìí káríayé, orúkọ náà tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n òyìnbó kan ló bá a dán an wò, tó sì kọ orúkọ Mpemba ṣáájú tirẹ̀. Àwọn tó wọ̀n ọ́n ní 2016 náà kì í ṣe ọ̀tá rẹ̀, iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n bá a ṣe lọ. Ẹni tó bá ń bínú sí wọn pé wọ́n fẹ́ gba ògo wa, ìwà olùkọ́ Magamba ló ń hù láìmọ̀: ó ti mọ èsì kó tó ṣí fíríìsà.

Àwọn ọmọ tó ń wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, púpọ̀ nínú wọn ló ti ṣe físíìsì nílé ẹ̀kọ́. Ẹ ní kí wọ́n ka òfin Newton, wọ́n á kà á láìkọsẹ̀. Ẹ wá gbé tẹmọ́mítà lé wọn lọ́wọ́ kí wọ́n wọn òtútù fíríìsà, wọ́n á fi í lé ara ògiri, wọ́n á kà á, wọ́n á ní ó ti tán. Bẹ́ẹ̀ sẹ̀ǹtímítà kan ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé. Wọn ò kọ́ àwọn ọmọ yìí láti ṣiyèméjì ohun tí ọwọ́ ara wọn ṣe, torí pé nǹkan àfọwọ́ṣe ò wọ kíláàsì wọn àfi tí ìdánwò bá kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́.

Àwọn olùkọ́ á ní kò sí yàrá àyẹ̀wò, kò sí iná. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ṣé ilé ẹ̀kọ́ wà tí kò sí oníyìnyín kan ládùúgbò rẹ̀? Ẹ bẹ̀ ẹ́ fún igun kan nínú fíríìsà rẹ̀. Ẹ wá ife méjì tó bá ara wọn mu, kẹ́ ẹ wọn omi sínú wọn láti inú garawa kan náà, kí ìwọ̀n rẹ̀ dọ́gba. Ẹ fi fóòmù inú páálí tẹlifíṣọ̀n tẹ́ abẹ́ wọn. Ẹ fohùn ṣọ̀kan ṣáájú lórí ohun tẹ́ ẹ̀ ń pè ní dídì: ṣé ìgbà tí ojú omi bá kọ́kọ́ gán ni, àbí ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá le? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹ pààrọ̀ ibi tí ife méjèèjì wà, torí pé igun fíríìsà méjì kì í tutù dọ́gba. Ẹ tún un ṣe, kẹ́ ẹ sì kọ gbogbo èsì sílẹ̀, èyí tó wù yín àti èyí tí kò wù yín. Bí tiyín bá lòdì sí ti kíláàsì kejì, ẹ̀kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Kò pọn dandan kí olùkọ́ mọ ìdáhùn. Osborne ò mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bi í. Bí ọmọ kan bá dìde ní kíláàsì pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó dà bíi pé kò lórí, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti ń rẹ́rìn-ín, kí olùkọ́ má ṣe pè é ní físíìsì lágbájá. Kó ní, "Ó dáa, lọ gbé ife méjì wá."